Màmá, Mo Ti Mú Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ti Ń Fọwọ́ Kan Aláìsàn

Màmá mi tí àárò yín ń sọ mí,

Orí àga yín nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Oòrùn ti yẹ àtàrí, Bàbá ti lọ kírun àílà. Ó ṣì ń bu omi àlùwàlá sí bútà méjì láràárọ̀, tirẹ̀ àti tiyín. N kò lè sọ fún un pé kó dẹ́kun.

Mo ti mú ilé ẹ̀kọ́, Màmá. Ẹ rántí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù yín, tí mo fi sáré wálé sí Òmù-Àrán. Lẹ́yìn tí ẹ fi ayé sílẹ̀, mo kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà lọ́hùn-ún, méjì sì gbà mí. Òkìkí ọ̀kan kàn káàkiri. Èkejì ni wọ́n ń pè ní ti ọ̀sítíópátì. Dókítà ni wọ́n ń kọ́ nínú méjèèjì, oògùn, abẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀sítíópátì, wọ́n tún ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ibi tó ń dun aláìsàn nínú iṣan àti oríkèé, kó sì fi ọwọ́ náà tọ́jú rẹ̀. Èyí ni mo mú, nítorí iṣẹ́ mímú ara tó ti rọ padà bọ̀ sípò ni mo fẹ́ ṣe láyé mi.

Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bínú gidi. Ó pariwo lórí fóònù débi pé Bàbá gbọ́ ọ láti ìta.

"Ṣé iṣẹ́ àwọn tó ń to eegun lo fẹ́ rìn dé Amẹ́ríkà wá kọ́? Ilé ẹ̀kọ́ ńlá ṣílẹ̀kùn fún ọ, o ní o ò wọlé!"

"Dókítà ni wọ́n, Bàbá Kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

Kò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ká ní ẹ wà ni, ẹ ì bá ti dá sí i. Ẹ ó kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe ní kíláàsì tí ẹ ti ń kọ́ni ní Èsìé, gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́.

Ẹ̀yin mọ ìdí tí mo fi mú ilé ẹ̀kọ́ yìí. Dókítà tó kọ́kọ́ rí yín ní Ìlọrin kò ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ àwòrán orí yín ló ń wò, kò wo ojú yín. Nígbà tí a gbé yín dé ọ̀dọ̀ arábìnrin tó ń ṣe fisió, iṣẹ́ fífi ọwọ́ jí iṣan tó ti rọ, ó jókòó tì yín, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún yín tó ti kú lé itan ara rẹ̀, ó ń rọra wọ́ ọ. Ẹ bú sẹ́kún. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi ọwọ́ òsì gbé e sórí ẹsẹ̀ yín, bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tó yá, ẹ dìde. Ẹ di ògiri mú, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sì bú wa pé à ń wò yín bí ẹni ń wo eré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìlọrin ń gbọ̀n yín jìgìjìgì nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ní ó tó gẹ́ẹ́. A kò sì rí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn nítòsí. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń gún iyán lọ́wọ́, àrùn náà tún padà wá. Kí n tó sọ ọmọ odó sílẹ̀ kí n sáré dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti lọ. Ká ní ẹnì kan wà nílùú wa ńkọ́, Màmá? Ṣé ẹ ì bá ṣì wà?

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé n kò mọ̀ bóyá àwọn tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ yóò gbà kí n fi ìwé ẹ̀rí ọ̀sítíópátì ṣiṣẹ́ nílé níbí. Mo béèrè, èsì tí mo gbà kò yé mi tó. Bí wọ́n bá ní rárá, ìyá àwọn ẹlòmíràn ni n ó máa gbé dìde lókè òkun, tí àwọn ìyá wa níbí á wà lórí ẹní. Ṣé mo ṣe é re báyìí?

 Àná ni Bàbá pè mí sọ́dọ̀.

"Bó o bá lọ, ta ni èmi ó máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ fún?"

  Kí n tó dáhùn, ó ti bọ́ bùbá rẹ̀.

"Wá wo èjìká yìí. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìyá rẹ ló ti ń dùn mí."

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀, Màmá? Gbogbo ìgbà tó ń gbé yín lọ sí balùwẹ̀, tó ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ fúyẹ́ bí ẹyẹ, èjìká rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kan, kò sì wí fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, n kò tíì kọ́ nǹkan kan o."

"Mo mọ̀."

Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó gbóná, ó le bí igi. N kò tẹ̀ ẹ́, n kò wọ́ ọ, mo kàn fi ọwọ́ mi síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, Bàbá mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a sin yín.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹní ìrọ̀rùn fún yín ní Àlùjánnà.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní Ìyá mi.