Kọ̀ǹpútà Mẹ́rìnlá àti Orúkọ Ọmọ Wa

Ilé Aláwọ̀ Búlúù, Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́,
Kinngaarjuk,
Nunavut, Kánádà.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2019.

Geela, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Winnipeg lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí a rí gbẹ̀yìn, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sọ fún un pé tíì tó fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, ìyẹn èyí tí àwọn tó gbé e wá mu kù. Àwa náà ń bẹ láàyè. Ìjì yìnyín ń jà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjì ló fẹ́ pa mí, ọkọ mi ni.

O mọ Jaypootie. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti fi í ṣe alábòójútó kọ̀ǹpútà ni a kò ti gbádùn mọ́ nílé. Bí iná bá ṣẹ́jú, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́rìnlá dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi fíláàṣì ńlá kan tẹ̀ lé wọn. Inú rẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà wà, kó lè fi í sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìlo íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìwọ tí o ti di ará Winnipeg lè ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo láti ojú sátẹ́láìtì ni gbogbo ìlú wa ń pín lò. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá bá kẹ́nu bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ku nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ọlọ́gbọ́n ṣí fíláàṣì náà wò. Ó rí àwọn fáìlì tí orúkọ wọn jẹ́ kìkì nọ́ńbà, ó ní kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kó eré họ́kì sí i. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń pín họ́kì wò láti ilé dé ilé níhìn-ín. Kò pẹ́ tí fíláàṣì ìjọba fi yí gbogbo ìlú ká, tí wọ́n sì ń yin Jaypootie ní ọlọ́làwọ́. Èmi náà wò ó. Eré náà dùn, n kò ní purọ́.

Àsìkò yẹn náà ni Meeka ọmọ wa bímọ obìnrin, tí ìyá mi sì wà ní ilé-ìwòsàn ní Ottawa, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. O mọ̀ pé Màámi ló ń sọ ọmọ lórúkọ nílé wa. Wọ́n ní àwọn kò ní sọ ọ́ láìrí ojú ọmọ, pé ojú ni àwọn fi ń mọ ẹni tó padà wá. Ni ọmọ bá wà láìlórúkọ, a sì fi ìpàdé orí kọ̀ǹpútà sí ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, Geela. Bí Màámi bá sùn sórí tábìlì yẹn tí wọn kò jí, orúkọ náà bá wọn lọ nìyẹn.

Peepeelee, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ìlú, kéde fún wa pé kí gbogbo ilé pa íńtánẹ́ẹ̀tì wọn láago méje, kí ìyá àgbà lè rí ọmọ. Gbogbo ìlú sì pa á. Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá gbé fóònù sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ojú Màámi hàn kedere bí ẹni pé wọ́n jókòó sí ilé ìdáná wa. Wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Háà, ẹ̀yin náà rèé? Ẹ káàbọ̀ o. Orúkọ yín ni—”

Ibẹ̀ ni àwòrán dúró sí, pẹ̀lú ẹnu Màámi ní lílà sílẹ̀.

A pè títí, kò wọlé. Àbúrò mi tẹjú mọ́ ẹnu náà, ó ń méfò orúkọ. Peepeelee bẹ ará ìlú lórí rédíò pé ẹni tó bá ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì kó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kálukú ní òun kọ́. Ìgbà yẹn ni Meeka bèèrè pé níbo ni bàbá òun wà.

Mo gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀, ó di ilé-ẹ̀kọ́. Baálé mi rèé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àga, ó ń mu tíì níwájú kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ń fa àtúnṣe tó pa rẹ́ lórí fíláàṣì láti ojú ọ̀run. Ó gbọ́ ìkéde náà dáadáa. Ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀nà máa dá páropáro fún òun.

“Reepa, wá wò ó,” ló wí, tayọ̀tayọ̀. “Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ò yá tó báyìí rí.”

Mo fa okùn íńtánẹ́ẹ̀tì yọ lára ògiri. Nígbà tí a fi máa rí Ottawa pè padà, nọ́ọ̀sì ní Màámi ti lo oògùn, wọ́n ti sùn. Jaypootie jókòó ti ọmọ, ó ń sunkún. Mo ní kó máa sun ún lọ.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Màámi jí. Ohùn wọn kò tíì le tán tí wọ́n fi pè, wọn kò sì dúró gba ìkíni. Wọ́n ní Ipeelie ni orúkọ ọmọ náà.

Ipeelie, Geela! Bàbá tó bí ọkọ mi lọ́mọ, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ajá á dìde. O mọ àṣà wa: ẹni tó ni orúkọ ló padà wá, ì báà ṣe ara obìnrin ló gbé wọ̀. Láti ọjọ́ náà, “Bàbá mi” ni Jaypootie ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, èmi náà sì ń kí i bí èèyàn ṣe ń kí bàbá ọkọ.

Àwọn ọ̀gá ti fi fíláàṣì mìíràn ránṣẹ́, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé kì í ṣe fún họ́kì. Jaypootie wá ń bọ́ láti ìdí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó ń fi àtúnṣe sí i, ó ń pa á, ó ń tún un tàn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti jẹ àtúnṣe ní àjẹẹ̀jẹtán lọ́jọ́ tí mo fa okùn yọ kò fẹ́ gba oúnjẹ gidi mọ́, ìyẹn ló ń fi ojú rẹ̀ rí màbo.

Lánàá ó sá wálé lọ́sàn-án, ó ní ó rẹ òun, ó na ara sórí àga níwájú họ́kì. Mo gbé ọmọ wá síwájú rẹ̀.

“Jaypootie, Bàbá ń bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá yẹn ti parí.”

Ọmọ náà wúkọ́. Jaypootie dìde, ó lọ wọ bàtà.

Kí gbogbo ará ilé fún mi. Bàbá ọkọ mi ní kí n kí ọ, wọn kò tíì léyín, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Reepa, ìyàwó ọ̀gá kọ̀ǹpútà.