Ẹ̀wà Bàbá Wàhábì Nínú Oòrùn

Sátidé, 8 November 2025

Èmi ni o! Ta ni ì bá tún jẹ́? Nínú gbogbo ọlọ́kadà Tanke, èmi Múdàṣírù ni dókítà yunifásítì mú lọ Oke-Oyi, láti lọ ṣàlàyé ìwádìí ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. JSS 3 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ — mo ti di igbákejì dókítà. Dókítà Ọpẹ́yẹmí lorúkọ ẹ̀. Nínú ìwé tèmi, Àǹtí Kòkòrò.

Ìwádìí ẹ̀ rèé: tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀, da ẹ̀wà lé e, fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó. Aago méjìlá sí mẹ́ta. Ooru á pa kòkòrò, á pa ẹyin ẹ̀. Kò sí oògùn ńbẹ̀. Torí lọ́dún tó kọjá, ẹ̀wà olóògùn gbé ọmọ méjì lábúlé yẹn dé ọsibítù.

Bàbá Wàhábì, àgbẹ̀ kan níbẹ̀, ló fún wa lẹ́wà. A pín in sí àpò méjì. A sá ọ̀kan, a fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a máa tú méjèèjì lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n rí ìyàtọ̀. Bàbá ní tí wọ́n bá rí i, àwọn ò ní foògùn sẹ́wà mọ́. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí i ná, Dókítà. Ẹnu yín dùn jù."

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀wà? Ọwọ́ èmi Mudá ló wà.

Sọ́ńdè, 9 November

Mo padà lọ, èmi nìkan. Àpò kejì jókòó sí kọ̀rọ̀ bí ọmọ òrukàn. Àǹtí ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àmọ́ oúnjẹ Bàbá ni kòkòrò fẹ́ jẹ lásán yẹn — oòrùn ò kúkú gbowó. Mo sá òun náà. Méjìlá sí mẹ́ta géérégé. Mo dá a padà sáyè ẹ̀. Inú wọn á dùn.

Àlàmísì, 27 November

Àpò méjèèjì wà dáadáa. Mo kọ ọ́ sínú ìwé Àǹtí. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo gbé lónìí pé kí ló ń pa ẹyin kòkòrò. Wọn ò mọ̀. Háà!

Sátidé, 20 December

Èèyàn pọ̀. Àǹtí ń sọ ìwọ̀n ooru, wọ́n kàn ń wò ó. Mo ní, "Ó gbóná débi pé ẹ ò lè kiwọ́ bọ̀ ọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

A tú àpò kìíní. Ó mọ́ tónítóní. A tú èkejì.

Òun náà mọ́.

Bàbá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, wọ́n ń wò ó. "Dókítà, èyí tẹ́ ẹ sá, èyí tẹ́ ẹ ò sá, kí ni ìyàtọ̀? Ẹ̀wà mi ló lágbára." Ìyá Rodiyah, aládùúgbò wọn, ní oòrùn tó ti wà lórí wa látayébáyé, yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá ní lọ́jọ́ Jímọ̀ àwọn á foògùn sí gbogbo ìkórè.

Lójú ọ̀nà, Àǹtí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi: "Mudá, kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

Mo ní kó dì mí mú, kòtò wà níwájú.

Sọ́ńdè, 21 December

Mi ò jáde.

Àlàrùba, 24 December

Mo pe Àǹtí láàárọ̀, mo ní ká lọ Oke-Oyi. Bàbá ti ra oògùn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Mo ní èmi ni mo sá àpò kejì.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Àánú ẹ̀wà yín ló ṣe mí."

Bàbá ní oògùn á dúró ná, àwọn á fún Dókítà ní àpò méjì míì. "Àmọ́ ọlọ́kadà yìí ò gbọdọ̀ wọ yàrá mi mọ́."

Àǹtí ò pariwo. Ó mú ìwé jáde, ó ní kí n sọ ọjọ́ tí mo ṣe é. Mo sọ ọ́. Ó fi bírò fa ìlà gba ojú ewé náà látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sẹ́lòmíì tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo bà á jẹ́.