Ìtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Pa Àwọ̀ Dà

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje 2025

Funfun tún ni. Funfun bí omidùn.

Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo sè, tí mo jẹ́ kí ásíìdì jẹ títí ó fi kúnná ju ohun tójú lè rí lọ — mo dà á sínú àwo, ó gbẹ, ó di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Ó sì yẹ kó wà! A ò ní rẹ ẹ́ láró: bí àwọn fọ́nrán kéékèèké yẹn bá tò létòlétò, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kùn ún, bó ṣe ń kun ìyẹ́ ọ̀kín.

Baba Ẹ̀rí pè mí — Dókítà Ọlátúnjí, tó ń bójú tó ìwádìí mi. "Ẹ̀rí dà?" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Wọ́n ní bí oṣù yìí bá parí láìsí àwọ̀, kí n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Wọn ò bínú. Ọjọ́ ló ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Awọ tí mo dà tẹ̀ lé e gbẹ, ó sán wẹ́wẹ́. Mo da òmíràn, mo kán gílísáríìnì sí i kó lè rọ̀. Mo dé e — kó rọra gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Òjò. Iyaro, àdúgbò wa ní Benin níbí, di odò. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

ÀWỌ̀! Àwọ̀ ewé! Bí mo bá fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lọ sí búlúù. Mo pariwo débi pé àwọn ará yàrá kejì sáré wá. Mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́.

Mo fi han Pẹ̀lúmi, ọmọ àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò tiẹ̀ gbórí sókè. "Sister, no be nylon be this?" Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Benin! Ìgbà tó gbé e sójú fèrèsé ló tó rí àwọ̀ náà. "Ah. E fine o."

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Baba Ẹ̀rí wò ó títí. Wọ́n ní ó rẹwà, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá epo ló lẹ̀ mọ́ àwo? Kí n fọ gbogbo nǹkan, kí n tún un ṣe. Inú bí mi. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, lábù tààrà. Awọ tí mo tún ṣe ti gbẹ — àwọ̀ ewé! Kì í ṣe epo!

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo mí kanlẹ̀. Ó pọ́n. Lójú mi! Ó kọ́kọ́ di yẹ́lò, ó wá pọ́n bí ẹyìn, ó tún rọra padà sí àwọ̀ ewé. Mo tún mí. Ó tún pọ́n! Ọ̀rinrin ni: èémí mi mú kí awọ náà wú díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì yí. Mo jó. Èmi nìkan, pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Mi ò ṣàlàyé. Mo kàn gbé e fún Baba Ẹ̀rí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mí sí i." Wọ́n wò mí bíi pé orí mi dà rú. Wọ́n mí. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n tún mí. Wọ́n ṣe é títí ẹ̀rín fi gbà wọ́n lẹ́nu.

"Moyọ̀sọ́rẹ, jókòó." Wọ́n ní irú èyí lè sọ fún àgbẹ̀ pé ọ̀rinrin ti wọ àká àgbàdo rẹ̀, láìlo bátìrì. Wọ́n ní ó ti kọjá iṣẹ́ máàsítà; kí n dúró ṣe é gboyè ọ̀mọ̀wé.

Mo pe Màámi ní Ìlá, mo ròyìn awọ náà fún wọn. Wọ́n ti ń retí kí n padà sílé lọ́dún yìí. Wọ́n bi mí pé ọdún mélòó sí i. Mo ní mẹ́ta. Wọ́n wá ní, "Gbé e bọ̀, kí èmi náà mí sí i."