Tírélà Ninth Mile

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún, 2025
Ọ́fíìsì Lọ́yà Josephine ní Ogui New Layout láti àárọ̀. Ooru burúkú. Fáànù kan ṣoṣo, òun ló kọjú sí. Ó ní ẹkún wa nìkan kò lè jẹ́ ká jàre. Ká fi hàn pé tírélà yẹn dúró sójú títì ní ìdájí láìtan iná ẹ̀yìn, láìgbé C-caution sílẹ̀, láìkó ewé sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀. Ká sì fi hàn pé ìyẹn gan-an ló pa Súnmọ́lá.

Àbúrò mi. Ó ń bọ̀ wá ṣe agùnbánirọ̀ nílùú yìí. Ọkọ mi lọ gbé e ní Ninth Mile, níbi tí bọ́ọ̀sì tó fi gbogbo òru rìn já a sí. Wọn kò délé.

Ilé-iṣẹ́ tó ni tírélà ní àwọn kó ewé síbẹ̀ o, pé Oníwàásù ni kò wo iwájú. Oníwàásù — bí mo ṣe ń pe ọkọ mi Olúdáìsí nìyẹn, nítorí bó ṣe fẹ́ràn máìkì ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ gbáà!

Ọjọ́bọ̀, 8
Mo rí Zulkifli. Òun ló ń po tíì, tó ń dín ẹyin létí títì ní Ninth Mile, òun ló sì kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní kò sí ewé kankan. "After the thing happen na im dem cut leaf." Ọmọ ọkọ̀ gé ẹ̀ka máńgòrò, ó tò ó sẹ́yìn tírélà, nígbà tí wọ́n ṣì ń fa Súnmọ́lá jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ṣèlérí pé òun á wá sọ ọ́ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n àwọn onítírélà ni oníbàárà rẹ̀ — ṣé yóò wá lóòótọ́?

Ẹtì, 9
Zulkifli kò gbé ìpè mi.

Àìkú, 11
Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ dì mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wo ẹ̀rí ọkọ mi lórí fóònù, pé ó ń fún àwọn lókun. Ẹ̀rí wo? Mo wò ó nínú kẹ́kẹ́ bí mo ṣe ń padà sí Uwani.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni, nígbà tó jáde ní ọsibítù. Oníwàásù lórí igi méjì, ẹsẹ̀ kan ti lọ, máìkì lẹ́nu: "Ìṣọ́ òru ni mo ti kúrò lọ gbé e. Oorun gbé mi lọ nídìí sítẹ́ẹ̀rìn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mi kò sùn!" Ìjọ hó yèè. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ta ní ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́? Ẹni tó ń jẹ́rìí á sáà jẹ́ kí ewu tirẹ̀ tóbi.

Bí Onígíláàsì, lọ́yà ilé-iṣẹ́ tírélà, bá rí i, ó parí.

Ajé, 12
Mo bi Oníwàásù nípa rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀bà, kò gbójú sókè. Ó ní ẹ̀rí lásán ni, pé ta ni kì í fi iyọ̀ sí i? Ó ní ojú òun là kedere, tírélà ni kò tan iná. Mo gbà á gbọ́. Ọkọ mi ni.

Mo ní ká jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì yọ fídíò náà kúrò. Lọ́yà Josephine jágbe mọ́ mi lórí fóònù: "Madam, no touch that video! If una delete am, e go worse."

Ọjọ́bọ̀, 15
Mo tún wo fídíò náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìṣẹ́gun, 20
Zulkifli wá! Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Onígíláàsì bi í síwá, bi í sẹ́yìn, kò yẹ̀. Màámi, tí wọ́n wá láti Ìwó nítorí ọmọ wọn, ń sọ "Olúwa ṣeun" lábẹ́ ẹnu. Ó ku ọkọ mi lọ́la. Ó kù díẹ̀.

Ọjọ́rú, 21
Wọ́n ti rí i.

Onígíláàsì gbé fídíò náà sí i. Ohùn Oníwàásù gba kóòtù kan. Adájọ́ kò gbọ́ Yorùbá, ni akọ̀wé kóòtù kan, Ọmọ́níyì, bá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́, láìsí ariwo ìjọ kankan nínú rẹ̀. Lọ́yà Josephine dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni, gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Adájọ́ kọjú sí ọkọ mi: ṣé ó sùn ni àbí kò sùn?

Mo ń fojú bẹ ọkọ mi. Rárá péré, Bàbá Ayọ̀wálé. Ẹ sọ pé rárá.

Màámi ni ọkọ mi ń wò. Ó ní òun sùn. Ó ní igbe Súnmọ́lá ló jí òun.

N kò mọ bí a ṣe jáde. Lọ́yà Josephine ní ẹjọ́ kò tíì kú, pé adájọ́ lè pín ẹ̀bi, kí tírélà gbé tirẹ̀, kí ọkọ mi gbé tirẹ̀. Màámi dá wọ kẹ́kẹ́ lọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Súnmọ́lá kígbe. Ó rí tírélà náà nìyẹn — láìsí iná, láìsí ewé, ó rí i. Ẹni tó lajú ì bá rí i. Bóyá Lọ́yà Josephine kò tíì rò ó débẹ̀. Bóyá ó ti rò ó, tí kò fẹ́ sọ fún mi.

Oníwàásù ń pè mí láti pálọ̀ báyìí, pé kí n wá bá òun bọ́ bàtà. Mo ń gbọ́ ọ. Mo ṣì ń kọ̀wé lọ.