Àwọn Alága Orí Àpáta

Ọjọ́ Àìkú, 20 Fẹ́búárì 1977

Mo lọ gba atẹ́gùn létí odò abẹ́ afárá. Mo jókòó sórí iyanrìn. Ọkùnrin kan wá bá mi, ó ní kí n dìde, ibi tí àga máa wà ni mo jókòó sí yẹn. Mo wò yíká. Kò sí àga níbẹ̀. Ó ní ó ń bọ̀. Mo dìde fún àga tí kò tíì dé. Nígbà tó dé, ó ní kí n wá jókòó lé e, kí n mú owó háyà wá.

Búrẹ́mọ̀ káfíńtà ni. Gbogbo Èrúwà ló mọ̀ ọ́n. Òun ló kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa, èyí tí kì í tì.

Ọjọ́ Ajé, 21 Fẹ́búárì

Wọ́n ṣàlàyé fún mi ní káńsù, ní Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde tí mo wà. Búrẹ́mọ̀ lọ bá wọn kan pákó l'Ékòó nígbà Fẹ́sítáàkì. Ọjọ́ kan tí iṣẹ́ parí, ó yà sí Báà Bíìṣì, ó rí àwọn tó ń fi àga háyà létí òkun. Ènìyàn ń sanwó láti jókòó wo omi! Ó padà wálé, ó ń ronú. A kò ní òkun l'Érúwà. Ṣùgbọ́n a ní odò, a ní iyanrìn, a sì ní àwọn ọ̀dọ́ tó fi àfikún owó oṣù Údójì ra sòkòtò bóńgò tí wọn kò fẹ́ fi jókòó sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn lèmi mọ Báà Bíìṣì fún. Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń yìnbọn pa adigunjalè. Nígbà tí mo rí Búrẹ́mọ̀ nírọ̀lẹ́, mo bi í bóyá wọ́n máa ń háyà àga lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò bi wọ́n. Ó jọ pé ó dùn ún.

Ọjọ́rú, 23 Fẹ́búárì

Ìyá Òkè gbé pákí rẹ̀ padà wálé ní tútù.

Àbúrò ìyá mi ni. Rebecca ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Òkè ni níbi gbogbo yòókù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Pólì Ìbàdàn. Láfún ló ń ṣe. Òkè ọmọ rẹ̀ á wa pákí lóko, òun á rẹ ẹ́ sétí odò, tó bá rọ̀ á fún omi rẹ̀ dànù, á sá a sórí àpáta tó wà létí odò níbẹ̀, oòrùn á ṣe ìyókù. Orí àpáta yìí náà ni ìyá tó bí òun àti ìyá mi ti ń sá tirẹ̀.

Búrẹ́mọ̀ ti wá kó àga sórí àpáta. Ó ní ẹsẹ̀ àga ń rì sínú iyanrìn, àpáta ló tẹ́jú. Kì í sì í kó wọn lọ sílé láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣéènì ló fi so gbogbo wọn pọ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n.

Mo ní kí Ìyá Òkè sá a ságbàlá. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé o ti rí ewúrẹ́ rí ní àdúgbò yìí?" Àwọn ló ń pè mí ní Ẹnjiníà. Kì í ṣe oyè.

Láfún ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé ilé yìí títí àgbàdo á fi gbó. Tí òjò bá bá a ní tútù, á bu, á dúdú, kò sí ẹni tó máa rà á. Òjò ò sì jìnnà mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Fẹ́búárì

Mo lọ bẹ Búrẹ́mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó jù mí lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìlú ló ni àpáta yẹn." Ó ní ṣé òun gbé e lọ sílé ni. Mo ní àwọn ìyá tó ń sá láfún ti wà níbẹ̀ kí àga tó dé. Ó ní Ọlọ́hun ló ni àpáta; tí Ọlọ́hun bá ní kí òun kúrò, òun á kúrò. Mo ní ta ló máa wá bá wa bi Í. Ó ní òun ti bi Í lẹ́yìn ìrun alẹ́ àná. Kò tíì fèsì.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Máàsì

Alága kejì ti dé. Wàhábì lorúkọ rẹ̀, ó kó àga onírin tó ń ká wá láti Ìbàdàn. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ìdun wà nínú pákó Búrẹ́mọ̀. Búrẹ́mọ̀ ń dá a lóhùn láti òdìkejì: "Irin inú oòrùn! Ìdí tó bá bọ́ síbẹ̀, ó ti jinná!" Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Mo ti jókòó lórí méjèèjì.

Bí ọ̀kan bá gbé àga wá, èkejì á gbé tirẹ̀ dínà. Àga ti dé etí omi. Ẹni tó bá háyà àga ẹ̀yìn, ìpàkọ́ ẹni tó háyà ti iwájú ló ń sanwó wò.

Àwọn ènìyàn ti ń pè wọ́n ní alága. Alága Onípákó, Alága Onírin. Àwa náà ní Alága tiwa ní káńsù, èyí tí ìbò oṣù Dìsẹ́ńbà gbé wọlé. Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Alága Àṣẹ̀ṣẹ̀dé. Kì í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Máàsì

Ìyá Òkè ru pákí tútù lọ sí àpáta ọ̀nà oko, tó jìnnà. Orúnkún wọn wú. Wọ́n nà án sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi òrí pa á. Wọ́n bi mí: "Ìwọ tó wà ní káńsù, ṣé ẹ ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju kí ẹ jókòó lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń dìde tó bá tó àkókò àtilọ sílé.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo máa bá Alága káńsù sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 Máàsì

Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́. Ó ní kí n kọ pátákó ìkìlọ̀, kí n lọ rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kó ṣe ṣókí.

Mo kọ ọ́: A KÒ FẸ́ ALÁGA MỌ́ NÍBÍ. ÀṢẸ KÁŃSÙ.

Mo lè kọ "àwọn tó ń fi àga háyà." Àyè wà lórí pátákó. Mo dúró wò ó títí ọ̀dà fi gbẹ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 Máàsì

Láti àná, gbogbo ìlú ti lọ kà á. Àwọn tí kò dìbò fún Alága wọ aṣọ ńlá, wọ́n lọ ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Wọ́n háyà àga fún fọ́tò náà.

Ìkìlọ̀ náà kò kan àwọn tí mo kọ ọ́ fún. Búrẹ́mọ̀ ní káfíńtà ni òun, ẹni tí wọ́n dìbò fún ni wọ́n ń bá wí. Wàhábì ní òun kì í ṣe ọmọ Èrúwà, òun kì í dá sí ìṣèlú onílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Máàsì

Alága ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ta ni alága?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Ó ní, "Ta wá ni wọn kò fẹ́?" Mo ní, "Àwọn alága, sà." Ó ní kí n jáde. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n padà wá. Ó ti ronú. Ó ní kí wọ́n hú pátákó yẹn. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, òun àti gbogbo káńsẹ́lọ̀ máa lọ jókòó sórí àpáta yẹn gan-an, lójú gbogbo ayé, kí á wò ó bóyá wọ́n fẹ́ alága tàbí wọn kò fẹ́. Káńsù máa háyà gbogbo àga tó bá wà níbẹ̀. Tí kò bá tó, kí wọ́n kan sí i.

Búrẹ́mọ̀ ti ń kan sí i.

Mo sọ fún Ìyá Òkè. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní, "Mo ní kí o bá mi lé àga. O wá lọ kó káńsù wá jókòó lé e."

Ọjọ́bọ̀, 17 Máàsì

Ìyá Òkè kò bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ń wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Máàsì

Ìyá Òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nítorí tèmi, nítorí pé inú wọn ń dùn ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó ń jókòó sórí àwọn àga yẹn. Ìyá Òkè tẹ́ ẹní lé wọn láti ìkan dé ìkan, wọ́n sá pákí sórí ẹní. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ó ń tètè gbẹ ju ti orí àpáta lọ. Ewúrẹ́ ò sì tó o.

Búrẹ́mọ̀ gbọ́, ó sáré wá. Ó ní, "Ìyá Òkè, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lórí àga mi, ó máa sanwó." Wọ́n ní, "Ta ló jókòó? Láfún ò jókòó, ó dùbúlẹ̀ ni." Búrẹ́mọ̀ yí ọ̀rọ̀ náà lọ yí i bọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ bi Wàhábì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan: kò sí owó ìdùbúlẹ̀ nínú òfin àwọn.

Ní ọ̀sán, àwọn ìyá yòókù ti gbé tiwọn dé.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Máàsì

Àwọn ọ̀dọ́ jókòó gba atẹ́gùn. Nígbà tí wọ́n dìde — sòkòtò dúdú, ìdí funfun. Gbogbo wọn. Wọ́n ń gbọn ara wọn lẹ́yìn bí ẹni tó ń na ọmọ.

Mo mú Àmínà tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ. Ó wọ búlúù. Kò ní bá mi lọ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Épírì. Ẹtì Rere

Ìkùukùu ti ń ṣú lápá ọ̀nà Ìgbó-Ọrà láti ìjẹta. Ìyá Òkè ní òjò ti ń pa òwe. Òkè wa gbogbo pákí tó gbó lóko tán, wọ́n ti fún un, wọ́n sá gbogbo rẹ̀ lónìí. Gbogbo àga Búrẹ́mọ̀ àti ti Wàhábì ló funfun. Ìyá Òkè ò lọ sí ìsìn. Wọ́n ní Olúwa á rí wọn láti ibi tí Ó wà, orí àpáta ni àwọn wà.

Oòrùn ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 11 Épírì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe lọ, kí n má fi nǹkan kan kún un.

A dé odò ní ọ̀sán. Alága wọ agbádá dúdú tó ń dán. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tẹ̀ lé e, èrò pọ̀ dé orí afárá. Láfún wà lórí gbogbo àga. Ìta rẹ̀ ti gbẹ, inú kò tíì gbẹ. Ojú ọ̀run ti ń dúdú.

Ìyá Òkè kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún yẹn. Wọ́n ní, "Alága, ẹ dákun, oòrùn ọ̀la nìkan ló kù." Alága kò bínú o. Ó fa wọ́n dìde. Ó ní, "Màmá, a ò ní pẹ́. Ẹ ó tún sá a padà." Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde, kó nǹkan wọ̀nyí kúrò."

Mo gba àpò lọ́wọ́ Òkè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú àpò. Èmi fúnra mi. Ìyá Òkè ò bá mi jà, wọn ò ṣépè. Àwọn ló ń di ẹnu àpò mú fún mi kó má baà dà sílẹ̀.

Alága jókòó. Ìlú pàtẹ́wọ́. Ó ní ṣé ẹ ti rí i pé ẹ fẹ́ alága. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ìjì fi dé. Òjò tẹ̀ lé e. Gbogbo ènìyàn ń sá. Láfún tó kù lórí àga ti lẹ̀ mọ́ ìdí agbádá rẹ̀, omi bá a níbẹ̀, ó di ẹ̀kọ. Àwọn tó wà lórí afárá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di irin mú.

Èmi àti Òkè ń ru àpò. Omi ń kán láti ìdí àpò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Épírì

Òjò.

Ọjọ́rú, 13 Épírì

Òjò. A tú láfún sílẹ̀ nínú yàrá mi, a dáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín wà. Kò gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Épírì

Ó ti bu. Dúdú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin tó ń wá rà á láti Ìbàdàn tú ẹnu àpò, ó wò ó, ó rọra so ó padà. Ó bá Ìyá Òkè sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì lọ.

Wọ́n ní odò ti bo àpáta. Búrẹ́mọ̀ àti Wàhábì ti kó àga wọn kúrò, wọ́n jọ ń háyà wọn fún olóòkú báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Épírì

Òkè wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn láti lọ ṣe lébìrà. Ó ní kí n bá òun ṣọ́ ìyá òun. Kò fi ṣẹ̀sín.

Alága kí mi káàárọ̀ ní ọ́fíìsì. Ó ní mo ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, láìjanpata. Ó ní òun ti kọ orúkọ mi fún ìgbéga.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Épírì

Ìyá Òkè ti mú lára láfún náà, wọ́n yan án gbẹ lórí ààrò, wọ́n gún un, wọ́n rò ó. Ó dúdú bí ọkà iṣu. Kò rùn bí ọkà iṣu.

Mo sọ fún wọn nígbà náà. Mo ní, Màmá, pátákó yẹn, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àyè wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí Òkè kà á fún àwọn, àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé abọ́ síwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Wọ́n bi mí ṣé ó tó. Àpò mélòó kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ní, ẹ bù kún un.