Ẹlẹ́rìí Abẹ́ Abíyá

Àlàmísì, 27 oṣù Kejì, 2025

Raqeebah fi ẹrù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì lọmọ mi yìí. Ọmọ ẹlòmíì a máa fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sílé, tèmi, oògùn ẹ̀fọ́rí àti báńdéèjì ni. Lọ́tẹ̀ yìí, tẹmọmítà ni. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ funfun kan, kò ju ìka lọ, irin wà ní ṣónṣó ẹnu rẹ̀. O máa tẹ bọ́tìnnì, o máa fi há abíyá, ó máa ké pín-ín, ó sì máa kọ iye tí ara rẹ gbóná dé.

Mo ní kí la fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ìyá mi fi ń kan ọrùn wa, tó bá gbóná, ó gbóná náà nìyẹn. Hàmdálátù ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Jímọ̀, 28 oṣù Kejì

Ọ̀rọ̀ ńlá! Lẹ́yìn ìrun, Alfa Sàídì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa nílẹ̀ Ibido ní Ṣàgámù níbí ti fẹnu kò, pé èmi Lìádì ni àwọn fẹ́ fi jẹ Sẹ̀ríkí. Èmi! Bàbá mi ta obì ní Sábó títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọn ò fi í jẹ nǹkan kan. Láwàní á sì bá mi mu, orí mi tóbi.

Àmọ́ wọ́n ní àṣà kan tí mi ò fẹ́ràn. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi joyè, wọn kì í bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó gba ààwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń bi. Tí ọdún bá ku ọ̀la, Alfa á wá sílé, á jókòó, á gbọ́ tẹnu obìnrin.

Ìyàwó mi kẹ̀? Èyí tó mọ̀ pé ara mi ò yá nínú ààwẹ̀ èṣí? Tí ara mi ò sì yá nínú ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀? Ṣé èmi ni mo ní kí àìsàn máa bá mi nínú oṣù yẹn ni?

Mo délé, mo ròyìn. Inú rẹ̀ dùn, ó tiẹ̀ kí mi ní Sẹ̀ríkí. Lẹ́yìn náà ló gbé tẹmọmítà sórí tábìlì. Ó ní, "Bàbá Raqeebah, lọ́dún yìí, ẹ má sọ fún mi pé ara yín gbóná. Ẹ jẹ́ kí eléyìí sọ ọ́. Tó bá ti pé méjìdínlógójì, màá se oúnjẹ. Tí kò bá pé e, ẹ gba ààwẹ̀ yín."

Ó dáa. Láti òní lọ, Adájọ́ ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Nǹkan funfun yẹn, Ẹlẹ́rìí.

Sátidé, 1 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oòrùn náà gbọ́, ó jáde tìlù tìfọn.

Àtìní, 3 oṣù Kẹta

Wọ́n já obì kalẹ̀ láti Simawa. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Tí a bá ti ṣí apẹ̀rẹ̀, màá gé ọ̀kan jẹ wò. Ọwọ́ ló ń ṣe é, ọkàn ò mọ̀ sí i. Mo ti ń rún un lẹ́nu kùrùmù kùrùmù kí n tó rí i pé oníbàárà mi ará Kánò ń wò mí, ó sì la ẹnu sílẹ̀. Mo tu ú dànù, mo fomi yọ ẹnu.

Mo bi Alfa. Ó ní ìgbàgbé ni, Ọlọ́run ló fún mi jẹ, ààwẹ̀ mi ò bàjẹ́. Mo bi í bóyá mo tún lè gbàgbé lọ́la. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Àlàrùbá, 5 oṣù Kẹta

Orí ń fọ́ mi láti àárọ̀. Mo fi Ẹlẹ́rìí há abíyá: 36.6. Mo fún apá mọ́ ọn dáadáa, mo tún un wọ̀n: 36.5. Ó tiẹ̀ ń lọ sílẹ̀! Irin tí ò láàánú.

Adájọ́ lọ ra ẹ̀wà. Fíláàsì omi gbígbóná tí a lò ní sààrì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Mo ki Ẹlẹ́rìí lẹ́nu bọ̀ ọ́. Ó ké, ó kọ H. Kí ni H? Mo tètè pa á. Mo bu omi sínú kọ́ọ̀bù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dúró díẹ̀, mo tún kì í bọ̀ ọ́. 38.6. Ó ti pé, ó sì lé. Mo nù ún gbẹ, mo fa aṣọ ìbora bo ara mi nínú ooru oṣù Kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Adájọ́ wọlé. Ó wo Ẹlẹ́rìí. Ó wò mí. Ó tún wo Ẹlẹ́rìí. Ó wọ ilé ìdáná lọ. Kò pẹ́ tí ògì gbígbóná dé, pẹ̀lú àkàrà tí ata rẹ̀ ń ta sánsán. Mo jẹ ẹ́ bí aláìsàn ṣe ń jẹun: díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán.

Àlàmísì, 6 oṣù Kẹta

Ara ti yá. Ojú ń tì mí díẹ̀. Àkàrà yẹn ṣáà dùn.

Àtìní, 10 oṣù Kẹta

Ẹni kan ń se ìkọ́kọrẹ́ lẹ́yìnkùlé wa. Lọ́sàn-án gangan! Ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀ dénú egungun. Mo ní kò ṣeé ṣe, ẹran ara ni mí.

Fíláàsì. Kọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́rìí. Omi náà ò tíì tutù tó, ó kọ 41.8. Mo ní kí n dúró díẹ̀ kí n tún un wọ̀n, ni mo gbọ́ sílípáàsì Adájọ́, pàtì pàtì pàtì. Mo pa Ẹlẹ́rìí, mo jù ú sábẹ́ ìrọ̀rí. Kọ́ọ̀bù ni mi ò mọ ibi tí màá fi sí. Mo jókòó lé e.

Kọ́ọ̀bù dojú dé. Omi gbígbóná wọ mí lára dé ibi tí mi ò ní kọ síbí. Adájọ́ béèrè ohun tó rin ibùsùn. Mo ní òógùn ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní òógùn wo ló ń yọ èéfín báyìí.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà tìbínú tìbínú. Mi ò lè jókòó dáadáa níwájú obì mi di ìrọ̀lẹ́.

Àlàrùbá, 12 oṣù Kẹta

Adájọ́ ń dákẹ́ jù. Ó wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án òní, ó ní atẹ́gùn ń fẹ́. Atẹ́gùn wo? Ewé kan ò mì ní gbogbo Ṣàgámù.

Sátidé, 15 oṣù Kẹta

Adájọ́ se ẹ̀wà ìṣínu, iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́, kò bá mi jà. Ó yà mí lẹ́nu.

Àtàláátà, 18 oṣù Kẹta



Ọ̀fun ń dùn mí láàárọ̀, mo fẹ́ wọn ara mi. Lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo tẹ Ẹlẹ́rìí níbi tó wà lórí tábìlì, mi ò tíì gbé e rárá. Ó kọ 39.2. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó pa á rẹ́. Mo pa á, mo tún un tẹ̀. 39.2. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹlẹ́rìí ti ya wèrè! Tábìlì kì í ṣáà ní ibà. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí wèrè.

Mo mú un lọ bá Akóredé, oníkẹ́mísì Ofin, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ó ti bàjẹ́. Akóredé tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò bàjẹ́, bàbá. Ti ẹni tó lò ó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń fi hàn yín. Ó máa ń rántí."

Ó máa ń rántí! Òógùn bò mí, ojúlówó òógùn. Mo rántí ọjọ́ kọ́ọ̀bù. 41.8 ni mo pa á lé lórí lọ́jọ́ yẹn. Tí Adájọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn mi, mo gbé. Oyè ti lọ. Mo gun ọ̀kadà, mo ń ṣe àròyé nínú ara mi, kí ni kí n sọ, ta ni kí n dì í rù.

A ń kọjá níwájú ààfin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lórí. Tèmi, 41.8 ni. Kì í ṣe 39.2. Èmi àti Adájọ́ nìkan la wà nílé yẹn.

Mo ní kí ọlọ́kadà sáré.

Adájọ́ jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, súwẹ́tà lọ́rùn, ó ń bó ẹ̀wà fún ìṣínu mi. Mi ò bá Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná bí ìkòkò. Mo bi í láti ìgbà wo. Ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi í kí ló dé tí kò sọ, tí kò jẹun, ṣe bí òun náà ló ṣe òfin méjìdínlógójì.

Ó ní, "Tí mo bá jẹ, ẹ̀yin náà á jẹ. Alfa sì ń bọ̀ wá bi mí. Kí ni kí n wá sọ fún un?"

Nítorí láwàní mi!  Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù bà mí, mo sì kórìíra ara mi. Mo ní kó jẹun báyìí. Ó kọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wọ ilé yìí, àfi nǹkan oṣù, oyún àti ọmọ ọmú nìkan ló mú òun jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀, òun ò ní dá jẹun níwájú ẹni tó ń gba ààwẹ̀.

Mo po ògì fúnra mi. Ó dì ní kókó kókó. Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e mì lójú rẹ̀, ní agogo méjì ọ̀sán, èmi tí wọ́n fẹ́ fi jẹ Sẹ̀ríkí. Mo ní, "Èmi ti jẹ. Ó kù ọ́."

Ó wò mí títí. Ó gba abọ́ náà. Ó ní kókó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó mu ún tán.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Ibà ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn. Raqeebah pariwo mọ́ àwa méjèèjì lórí fóònù, mo sì jẹ́ kó pariwo.

Àlàrùbá, 19 oṣù Kẹta

38.4.

Àlàmísì, 20 oṣù Kẹta

37.3. Ó béèrè fún ẹja.

Jímọ̀, 21 oṣù Kẹta

36.8. Mo fi ẹnu ko Ẹlẹ́rìí lẹ́nu kí n tó rántí abẹ́ ibi tó ti ń bọ̀.

Àlàhádì, 23 oṣù Kẹta

Adájọ́ ti dìde. Ó ní abọ́ tí mo fọ̀ ò mọ́, ó tún wọn fọ̀. Ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Èmi náà ń gba ààwẹ̀ mi, fíláàsì ń wò mí, mo ń wo fíláàsì. Ebi ń pa mí gan-an. Mi ò sì mọ ìdí tí kò fi ṣe mí bí i tàtẹ̀yìnwá.

Sátidé, 29 oṣù Kẹta

Wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀la lọdún. Alfa Sàídì wá lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ó mu omi, ó kí ilé, ó dojú kọ Adájọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, àṣà ni, ṣé ọkọ wọn gba ààwẹ̀ rẹ̀ bó ti yẹ?

Mo ń ka igi àjà. Mo ti gbà fún Ọlọ́run, ohun tó bá sọ náà ni.

Adájọ́ ní, "Ọjọ́ méjì ni wọ́n jẹ, Alfa. Ọjọ́ kan, nítorí tèmi ni, ara mi ò yá, mo sì kọ̀ láti jẹun. Ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ ló ní kí wọ́n jẹ."

Alfa ní kò burú, kí n ṣáà ti san án padà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n tètè dé yídì lọ́la. Ó lọ.

Adájọ́ ń palẹ̀ ife mọ́. Kò wojú mi. Ó ní, "41.8. Bàbá Raqeebah, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná dé ibẹ̀, ibojì ló ń lọ. Kì í jókòó lé kọ́ọ̀bù."

Ilẹ̀ ò lanu. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà! Mo bi í kí ló dé tí kò sọ fún Alfa. Ó ní Alfa ò béèrè kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Ó gbé ife dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró. Ó ní, "Èyí tó jẹ ògì oníkókó lójú mi, òun ni mo fi joyè. Èkejì, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi náà ní tèmi. A jọ máa san án."

Àlàhádì, 30 oṣù Kẹta

Ọdún. Láwàní bá mi mu.

Àlàmísì, 10 oṣù Kẹrin

A ń san gbèsè. Mo ti san ti ògì, ti àkàrà ló kù. Èmi àti Adájọ́ jọ jẹ sààrì, a jọ gbé ẹnu dúró.

Láti ìyálẹ̀ta ni òtútù ti ń mú mi. Eegun ń ro mí, ẹ̀yìn ojú mi ń gbóná. Mo wọ yàrá, mo fi Ẹlẹ́rìí há abíyá. Kò sí fíláàsì, kò sí kọ́ọ̀bù. 38.9. Nígbà tí mo ń wá ibà kiri, kò wá. Òní tí mi ò ránṣẹ́ pè é ló wá dé.

Mò ń gbọ́ Adájọ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ, ó ń kọrin. Tó bá gbọ́, ó máa ní kí n jẹun, á wá ku òun nìkan nínú ààwẹ̀. A sì ti ní a jọ máa san án. Kò jù ìrọ̀lẹ́ lọ, màá fara dà á. Mo pa Ẹlẹ́rìí, mo dá a padà sórí tábìlì pálọ̀, mo wá jókòó síbí, mo ń kọ̀wé, eyín mi ń gbá ara wọn.

Ó ti wọlé. Sílípáàsì rẹ̀ nìyẹn, pàtì pàtì. Ó dúró nídìí tábìlì.

Pín-ín.

Áà. Mo gbàgbé pé ó máa ń rántí.

 Ó ti wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ tó ṣáná sí gáàsì. Ògì ni. Tirẹ̀ kì í ní kókó.