Fótò Tí Ọ̀gá Pátápátá Kò Fẹ́ Tẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo lérò pé ara rẹ le koko, pé o ń jẹun lásìkò, àti pé ojú rẹ tó ń wo fóònù láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ ń rí ìsinmi díẹ̀. Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń ráhùn bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún kì í ṣe ẹnu, kò lè dí mi lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín nígbà tí o bá rí àpòòwé yìí. Ìwọ tí ò ń ṣe iṣẹ́ fóònù, lẹ́tà ni bàbá rẹ kọ sí ọ! Ó dáa, rẹ́rìn-ín tán. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, wàá ní, "Bàbá, ó ti tó, ẹ má yìn mí mọ́," wàá sì pa á. Lẹ́tà kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Jókòó, kí o kà á tán.

Ọ̀gá Pátápátá ní kí n kí ọ. Orúkọ tí mo sọ ọmọ rẹ kò tíì yí padà, nítorí láti ọjọ́ tí o ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ, òun ló ń pàṣẹ, èmi ni mò ń sáré. Ọmọ ọdún márùn-ún tí kò tíì mọ̀wé kà, àmọ́ bó bá rán ọ níṣẹ́, wàá lọ ni. Ó ti mọ okùn bàtà so. Eyín rẹ̀ kan níwájú ti ń mì, gbogbo ẹni tó bá gbé aago wá tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó gba aago rẹ̀.

Nígbà tí fóònù tí ẹ ṣe fún àwọn ọmọdé dé, ṣé o mọ̀ pé mo gbé e káàkiri àdúgbò? Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Wo ohun tí ọmọ mi ṣe! Kò sí lẹ́tà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà, fótò ojú èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀wé kà á tẹ ojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì dá a lóhùn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, fóònù á sùn fúnra rẹ̀, kò ní máa fi eré àti ìpolówó tan ọmọ ọlọ́mọ jókòó." Onígbàjámọ̀ ní mo ti sọ ọ́ fún òun láàárọ̀. Mo tún un sọ.

Àfi bí Ọ̀gá Pátápátá ṣe kọ̀ tí kò pè ọ́. Ojú tèmi ló ń tẹ̀ ṣáá. Á wà nínú yàrá, á pè mí ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n wá bá òun wá bàtà. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí fótò tìrẹ, á wò ó títí, á fi ìka rọra kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì gbé fóònù jẹ́ẹ́ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú sí fóònù. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń nu inú aago nu ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, o gbé e, ohùn rẹ jáde gbangba. Mo gbé e sí i létí. Gbogbo ohun tó sọ kò ju, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́," ló bá sá lọ.

Ìjọ́ yẹn lo sunkún sí mi létí. O ní, "Bàbá, ọmọ mi ti gbàgbé mi." O ní púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ fún ní fóònù náà láti fi dán an wò ni kò pe òbí wọn, ọ̀gá yín sì ti pe ìpàdé: bí àwọn ọmọ kò bá fẹ́ ẹ, kí ẹ pa á tì, kí ẹ máa ṣe eré orí fóònù. O ní ìyẹn gan-an kò dùn ọ́ tó ti ọmọ tìrẹ. O ní ìpàdé yẹn ló kù, bí ẹ bá ti ń jáde níbẹ̀, o máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, o máa bọ̀ nílé. Mo ní kí o ṣe sùúrù. Mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn tó.

Ohun tí o kò mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìyẹn ni mo sì torí ẹ̀ gbé gègé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé yín, mo wà ní ìdí tábìlì mi, mo fi awò kékeré yẹn há ojú kan, mò ń wo inú aago obìnrin kan. Ọ̀gá Pátápátá wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! Ó dúró títí mo fi bọ́ awò sílẹ̀, ló bá ní, "Bàbá àgbà, òùngbẹ ń gbẹ mí." Mo ní, "Kí ló dé tí o kò tètè sọ?" Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n. Ó ní, "Ẹ wọ awò. Bí àgbà bá wọ awò, iṣẹ́ ló ń ṣe. Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀."

Orí mi fò lọ! Mo fa fóònù rẹ̀ yọ, mo wo fótò rẹ. Fótò ibi iṣẹ́ ni: awò wà lójú, o pa ẹnu pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Mo ní, "Kí ni Màmá ń ṣe níbí?" Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́. Kò tíì ṣíwọ́. Mo ń dúró dè é ni."

Ọmọ mi, omi lé ròrò sí mi lójú. Ṣé o rántí ohun tí o máa ń sọ fún un nígbà tí o bá gbé iṣẹ́ wálé? "Bí awò bá ṣì wà lójú mi, ní sùúrù. Bí mo bá ti bọ́ ọ, mo di tìrẹ." Ọmọ kò gbàgbé rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ ló pa mọ́. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ nìyẹn, ìwọ lo sì kọ́ ọ.

Mo wá ṣí fótò tó wà nínú fóònù tèmi, mo ní kí ó mú èyí tó wù ú. Ó fò gbogbo èyí tí o ti múra dáadáa, ó lọ mú ti ọjọ́ tí ẹ jọ ń fọ bàtà lẹ́yìnkùlé, tí ọṣẹ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, tí o lanu ẹ̀rín débi pé èèyàn lè ka eyín rẹ. Ó pariwo pé, "Èyí! Ó ti ṣíwọ́ nínú èyí!" Ẹ ṣe é kó rọrùn, kò pẹ́ tí mo fi gbé fótò náà sí i. Kí n tó ní "dúró ná, ìyá rẹ wà ní ìpàdé," ìka ti balẹ̀.

Bó ṣe lọ lọ́hùn-ún, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, àmọ́ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Fóònù rẹ dún lórí tábìlì níwájú ọ̀gá yín, o gbé e, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ: "Màmá, ṣé ẹ ti ṣíwọ́?" Ìwọ, ọmọ tèmi, o bọ́ awò ojú rẹ, o gbé e sórí tábìlì, o ní, "Mo ti ṣíwọ́, ọkàn mi." Níwájú ọ̀gá! Ọ̀gá Pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: eyín, okùn bàtà, orúnkún èmi bàbá rẹ, àti fótò ọlọ́ṣẹ tí òun fi rọ́pò ti awò, torí pé Màmá kò tíì ṣíwọ́ nínú ti awò. Nígbà tó sọ tán, ó ní ó dàbọ̀, fóònù sùn, ó sì lọ bá eré rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe gbèrò rẹ̀ gẹ́lẹ́.

O wá yíjú sí wọn, o là á yé wọn. Ilé iṣẹ́ yín ló ní kí gbogbo òbí fi fótò tó gún régé ránṣẹ́, bíi ti káàdì ìdánimọ̀. Oníkálukú fi fótò iṣẹ́ ránṣẹ́: aṣọ iṣẹ́, táì, awò. Àwọn ọmọ rò pé òbí wọn ò tíì ṣíwọ́ ni. O ní ọ̀gá yín yọ fóònù tirẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ṣé mo tilẹ̀ ní fótò kankan tí mi ò wọ táì?" Ẹ̀rín pa mí títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ní báyìí, ọmọ ló ń fúnra rẹ̀ mú fótò, iṣẹ́ náà ń tẹ̀ síwájú, ìwọ ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀.

Orí mi wú, ọmọ mi. Àwọn èèyàn rò pé torí ipò olórí yẹn ni. Kì í ṣe torí ẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ wà lórí tábìlì, tí ọmọ rẹ béèrè bóyá o ti ṣíwọ́, o ní o ti ṣíwọ́. Ìyẹn ni mò ń bá onígbàjámọ̀ sọ lójoojúmọ́. Ó ti ń ti ilẹ̀kùn bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ nígbà tí o bá ń bọ̀ nílé fún ìsinmi. Ọmọ tí ò ń tọ́ yóò tọ́jú rẹ, bí o ṣe mú orí mi wú yìí, òun náà yóò mú tìrẹ wú. Jẹun o.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń tún aago ṣe, tí kò sì lè ṣe é kó má yìn ọ́.

Mo tún rántí: nígbà tí fótò tuntun wọlé, mo fẹ́ pa ti àtijọ́, ti awò, rẹ́. Ọ̀gá Pátápátá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ má pa á rẹ́. Màmá àwọn ọmọ yòókù nìyẹn, tó ń ṣe fóònù fún wọn. Èyí tó ní ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ ni tèmi."